Àpótí Tí Mo Fi Ń Kí Ìyá Ọkọ Mi

Ìdí ìrun àsùbáà ni orúnkún mi ti kọ́kọ́ bá mi jà. Ọkọ mi wà níwájú, òun ló ń ṣíwájú ìrun, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹní, bí a ti máa ń ṣe kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ l'Ékòó. Mo forí kanlẹ̀ tán, mo fẹ́ dìde, orúnkún ọ̀tún dún kọ̀! bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ìrora tó tẹ̀lé e kò jẹ́ kí n mọ ibi tí a bá ìrun dé mọ́. Ọkọ mi gbọ́ ọ. Ó kírun rẹ̀ dé òpin, ó yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, ó sálámà bó ti yẹ, kó tó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé eegun ló dún yẹn ni, àbí ilẹ̀kùn?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," mo dá a lóhùn. "Tiyín náà ń bọ̀ lọ́nà."

Ó ní òtútù ọyẹ́ ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, torí pé ọyẹ́ ọdún náà le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ lọ, òjò àkọ́rọ̀ dé, ìrora kò bá ọyẹ́ lọ. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta nígbà náà, n kò sì ka ara mi kún àgbàlagbà rárá. Lọ́kàn mi, mo ṣì wà ní nǹkan bí ọdún márùndínlógójì, mo kàn sanra díẹ̀ sí i ni.

Abọ́ ni mò ń tà ní Kẹ́mta, l'Abẹ́òkúta: abọ́ tánńganran, abọ́ rọ́bà, korobá, búútà àlùwàlá, fúláàsìkì, gbogbo ohun tí ènìyàn fi ń bu omi àti oúnjẹ. Ẹni tó bá ń ta abọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdìde ni. Oníbàárà kì í fẹ́ èyí tó wà lókè. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ogún mìíràn, ni yóò nàka sí. Tẹ́lẹ̀, n óò bẹ̀rẹ̀ kíá, n óò fà á yọ. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ènìyàn pé èyí tó wà lókè ló bá wọn mu jù.

Gbogbo àdúgbò di dókítà. Ẹni tó ń ta ẹja ní kí n máa fi omi gbígbóná àti iyọ̀ jó o. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta bàtà lódìkejì títì ní òrí ni kí n máa fi pa á. Ọlọ́kadà kan tí n kò mọ̀ rí, tó kàn rí mi bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀, ní omi ewúro ni kí n máa mu láàárọ̀. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, mo ra ìpara kan tí òórùn rẹ̀ le débi pé àwọn oníbàárà mi máa ń sín kí wọ́n tó ná ọjà. Ọkọ mi ní òun kì í béèrè mọ́ bóyá mo wà nílé. Láti ẹnu géètì lòun ti ń gbóòórùn mi.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn ni ọjọ́ tí mo lọ gbé ẹrù fún oníbàárà mi kan ní Papaláńtò. Mo fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì sínú ọkọ̀, tọ̀tún kọ̀, kò tẹ̀lé e. Abiyamọ kan tó ti jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó gbé ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀, dìde, ó fi ọwọ́ kan gbá ọmọ mọ́ àyà, ó fi èkejì dì mí lápá mú. "Ẹ rọra, Màmá. Ẹ jókòó síbí." Abiyamọ! Ẹni tó yẹ kí n dìde fún ló dìde fún mi. Kò pè mí ní Àǹtí, Màmá ló pè mí, gbogbo ọkọ̀ sì ń wò mí tàánútàánú. Mo tẹjú mọ́ bàtà mi títí a fi dé Abẹ́òkúta.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ rí dókítà. Wọ́n ya orúnkún mi ní fọ́tò, dókítà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fi bírò tọ́ka. Ó ní láàrin eegun méjèèjì, ohun kan wà níbẹ̀ bíi tìmùtìmù, òun ló ti ń jẹ tán lọ. Ó ní kì í ṣe ohun àjèjì, ọjọ́ orí ni. Kí n dín ara kù. Kí n máa rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Mo bi í pé apá ibo l'Abẹ́òkúta ni ilẹ̀ tó tẹ́jú wà. Ó ṣe bí ẹni pé kò gbọ́.

"Ẹ má lóṣòó mọ́, Mà," ó ní. "Ẹ má sì kúnlẹ̀ mọ́."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ níyàwó?"

"Mo níyàwó, Mà."

"Báwo ló ṣe ń kí ìyá yín?"

Ó gbé bírò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. N kò rò pé ó rí nǹkan kan kọ sínú káàdì mi nípa ìyẹn.

Ti ìrun kò ṣòro. Àáfà wa ní Ọlọ́run kì í di ẹrù tó ju agbára ẹni lọ ru ẹni, pé kí n gbé àga síbi ẹní mi, kí n máa jókòó kírun. Ọjọ́ kejì ni mo gbé àga. Ọlọ́run gbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi láìbínú. Ìyá ọkọ mi ni n kò mọ̀ bóyá yóò gbà.

Ìyá ọkọ mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Àdúgbò Òwu ló ń gbé, nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ènìyàn ń gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá lórí àpáta kó tó dé. Òun ló kọ́ mi lówò abọ́. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, n kò mọ abọ́ tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó ti sán. Òun ló kọ́ mi pé kí n fi èékánná ta á, kí n tẹ́tí sí i. Ó máa ń sọ pé ojú lè puró fún ọlọ́jà, etí kì í puró. Ó gbóná lọ́rọ̀, ó ní àwàdà, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn lọ láìjẹun. Bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fara da àwọn ọdún kan nílé ọkọ mi, kì í ṣe nítorí ọmọ rẹ̀.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí òun lójú. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ẹni tó bá kọjá, ṣùgbọ́n kò dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Nítorí náà, ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń gba ìkíni. Yóò jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, kò ní ga, kò ní rẹlẹ̀, ibi tí orí ẹni tó bá kúnlẹ̀ dáadáa máa ń wà gan-an. Bí o bá fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, orí rẹ á bọ́ sábẹ́ ọwọ́ náà, àdúrà á sì bẹ̀rẹ̀. Bí o bá kàn tẹrí ba, tàbí o fi orúnkún kan ṣoṣo kanlẹ̀ bí àwọn ọmọ ayé òde òní, ọwọ́ kò ní bá ohun tó ń wá. Yóò sì ká ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi kò jẹ́ gbàgbé ìyẹn. Ìlú kan lẹ́bàá Èkó ló ń gbé, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó yára wọlé lọ́jọ́ kan, fóònù wà létí rẹ̀, ó tẹrí ba díẹ̀, ó fẹ́ kọjá sínú ilé. Ọwọ́ Màmá dúró lófuurufú. "Ẹ kú ìrìn o," ni Màmá sọ fún un. "Ṣé dáadáa lẹ dé?" Ẹ̀yin! Ìyá tó lé lọ́gọ́rin ọdún ń fi ẹ̀yin kí ìyàwó ilé. Gbogbo wa tó wà níjòókòó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Odindi ọdún kan ni Màmá fi bọ̀wọ̀ fún un bẹ́ẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ lé e lórí, títí ó fi mú àwọn àgbà ilé wá bẹ̀bẹ̀.

Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. N kò rántí ohùn rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ obìnrin yìí ni mò ń lọ gbà sórí, àti ohùn rẹ̀ tó ń sọ pé, "Orí rẹ ò ní gbàbọ̀dè fún ọ. O ò ní fẹsẹ̀ kọ. Bí o ṣe ń tọ́jú mi, wọ́n á tọ́jú rẹ." Bí ó bá gba ọwọ́ náà kúrò lórí mi, n kò ní ibòmíràn tí mo lè lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Orúnkún kọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé ti dókítà, mo gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá náà pẹ̀lú ìsinmi mẹ́ta. Màmá wà lórí àga rẹ̀, ọwọ́ ti wà níta. Mo sún mọ́ ọn, mo kí i, mo tẹ orúnkún òsì, ó gbà. Mo ní kí tọ̀tún tẹ̀lé e, ó ní òun kò lọ. Mo wá dúró báyìí ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ Màmá ń wá mi. Ni ojú mi bá bọ́ sórí àpótí onígi kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń jókòó ja ẹ̀fọ́. Bóyá Ṣèètánì ló sọ̀rọ̀ sí mi létí, n kò mọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ wọ́ àpótí náà sọ́dọ̀, mo gbé ìdí lé e. Orí mi bọ́ sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wẹ́kú.

Ọwọ́ náà dúró lórí mi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mò ń ṣe "àmín, Màmá, àmín," òógùn sì ń ṣàn láti ọrùn mi wá sí ẹ̀yìn.

Bí mo ṣe sọ ọ́ di àṣà nìyẹn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń jókòó kí ìyá ọkọ mi, tí ó sì ń gbàdúrà fún mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kúnlẹ̀. Mo tún mọ̀ ọ́n ṣe débi pé mo ń kérora díẹ̀ bí mo bá ti ń jókòó, "hẹ̀ẹ́," bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kanlẹ̀. Àpótí náà kò sì kúrò níbẹ̀ rí. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́kàn mi pé àwọn ará ilé yìí kì í to ilé.

Ṣùgbọ́n àdúrà náà kò wọ̀ mí lára mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ara mi máa ń fúyẹ́, n óò sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, n óò ra ẹ̀pà sísun lẹ́nu ọ̀nà, n óò máa jẹ ẹ́ lọ sílé. Ní báyìí, ó ń ṣe mí bí ẹni tó gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n fi hàn òun bí mo ṣe ń kérora. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Sọ fún un. Ìyá mi ò ní bínú."

"Ìyá tiyín ni," mo ní. "Ìyá ọkọ tèmi ni."

Ó nu omi ojú rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó ọdún kan. Lọ́jọ́ Àìkú kan, àwọn ọmọ Màmá pàdé ní Òwu, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí á gbé Màmá lọ ṣe ojú. Àwọn dókítà ojú ti ní iṣẹ́ kékeré ni, awọ tó bo ẹyinjú ni wọ́n máa yọ, ojú kan ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe, bí wọ́n bá sì ṣí bándéèjì lọ́jọ́ kejì, yóò ríran. Gbogbo ilé hó yèè. Èmi náà hó. Mo tilẹ̀ fò sókè, orúnkún sì rán mi létí pé ẹni tó ń fò kọ́ ni mí mọ́.

Ìgbà tí mo délé ni ó tó yé mi dáadáa. Màmá máa ríran. Màmá máa rí mi lórí àpótí.

Mo máa sọ èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé bí n kò bá ní sọ ọ́, kí ni mò ń kọ̀wé fún? Ní ìrun àsùbáà ọjọ́ kejì, lórí àga tí mo fi ń kírun, mo bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà síwájú díẹ̀. Ojú ìyá tí mo fẹ́ràn, mo ní kí ó ṣì wà nínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀ sí i, nítorí ìtìjú tèmi. Mo ṣe àmín sí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú mi bí a ti ń ṣe lẹ́yìn àdúrà. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ọlọ́run, dákun, má dá mi lóhùn o," mo sì jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí tí n kò lè dìde lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Kò dá mi lóhùn. Ọjọ́ pé, wọ́n sì ní kí Màmá máa bọ̀.

Èmi ni Màmá ní kí n bá òun lọ. Ó bí ọmọ obìnrin méjì, àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti múra, ó ní, "Ìyàwó mi ni yóò dì mí lọ́wọ́ mú." Nínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú gírígírí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ẹ̀rù ń bà á, kò kàn fẹ́ sọ ni.

"Ìyàwó mi."

"Màmá."

"Ṣé kò sí nǹkan tí o fẹ́ bá mi sọ?"

Mo rò pé ó fẹ́ kí n dá òun lọ́kàn le ni. Mo ní, "Ẹ má fòyà, Màmá. Wọ́n ní kò ní dùn yín rárá."

"Ẹn-ẹn," ó ní. Ó yíjú sí fèrèsé ọkọ̀ títí a fi débẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò pẹ́, ó sì yọrí sí rere, àlùhámúdùlíláì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣí bándéèjì, wọ́n fi jígí dúdú sí i lójú, a sì gbé e padà sí Òwu. Gbogbo ẹbí ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó yọ jígí, ó ń ṣẹ́jú. A ń retí ohun tí yóò sọ.

"Ta ló kun ògiri mi báyìí?"

A ń wo ara wa lójú.

"Mo ní ta ló kun ògiri mi ní àwọ̀ ewé ẹ̀gẹ́? Ọdún mẹ́ta lẹ fi ń sọ fún mi pé funfun ni!"

Ọkọ mi, ẹni tó ra ọ̀dà náà ní ẹ̀dínwó, rántí lójijì pé ó yẹ kí òun lọ wo táyà mọ́tò níta. Ẹ̀rín sọ. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, yóò gba ẹni náà lágbọ̀n mú, yóò wò ó dáadáa, yóò sọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ àgbà pé orí rẹ̀ ti pá. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ gbà! kí ó tó débẹ̀, Màmá sì fún un ní àdúrà tó gùn. Mo wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Mò ń jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn kọjá níwájú mi.

Nígbà tó ku èmi nìkan, n kò wo apá ibi tí àpótí máa ń wà rárá. Mo ti pinnu láti àárọ̀. Mo ti lo oògùn ìrora méjì, mo ti fi ìpara pa orúnkún nígbà mẹ́ta. Eegun ìbáà yà, n óò kúnlẹ̀. Ọkọ mi ti padà wọlé, ó ń mi orí sí mi láti ẹnu ọ̀nà pé kí n má dán an wò. Mo di apá àga Màmá mú, mo sọ orúnkún òsì sílẹ̀. Mo sọ tọ̀tún tẹ̀lé e. Ilẹ̀ gbà á, ìrora náà sì gòkè láti ibẹ̀ dé eyín mi. Mo gbé orí mi sábẹ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà, mo di ojú mi.

Ọwọ́ kò wá. Mo la ojú mi. Màmá ń wò mí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan.

"Àpótí rẹ dà?"

Àwọn tó kù kò mọ ohun tó ń sọ. Èmi mọ̀.

"Mo ní àpótí rẹ dà? Oṣù mẹ́rin ni mo fi ní kí wọ́n má gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ta ló gbé e lónìí?"

"Màmá, ẹ mọ̀?"

"Ojú ni kò ríran. Ta ló sọ fún ọ pé etí mi di? O wọ́ àpótí onígi lórí símẹ́ǹtì lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mi ò wá ní gbọ́? Imú mi ńkọ́? Ìpara tí o fi ń para yẹn, o ò tí ì gun àtẹ̀gùn dé ìdajì tí mo fi ń mọ̀ pé o ti dé. Mo fi irú rẹ̀ pa eékún tèmi kí wọ́n tó fẹ́ ọ wá sílé yìí."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màmá kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, Màmá," mo ní. "Dókítà ló ní kí n má kúnlẹ̀ mọ́. Mo rò pé ẹ ó sọ pé mo ti ń gbéra ga. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ta? Èmi?" Ó fa ara rẹ̀ síwájú lórí àga. "Ìkúnlẹ̀ tí o kúnlẹ̀ bí ọmọ mẹ́rin sí agbo ilé yìí, eékún ta lo yá? Ṣé eékún yìí kọ́ ni? Kí ló tún kù tó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi?"

Ó nàka sí orúnkún mi tó wà nílẹ̀.

"Eékún rẹ ò bí mi nínú," ó ní. "Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń retí. Mo ní, òní ló máa sọ. O jókòó, o kérora irọ́, o ṣe àmín, o lọ. Mo tún ní, Jímọ̀ tó ń bọ̀. Lánàá, nínú mọ́tò, mo fi ẹnu ara mi bi ọ́." Ó fi ọwọ́ lu itan. "Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo bí ọ, ṣé nǹkan á máa dùn ọ́ fún oṣù mẹ́rin, kí o jókòó tì mí, kí o má sọ fún mi?"

Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń sá kí n má baà pàdánù ìyá, èmi fúnra mi ni kò jẹ́ kí ó rí ọ̀nà ṣe ìyá. Mo bú sẹ́kún lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ní ojú gbogbo ẹbí ọkọ mi, èmi obìnrin ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

"Ẹ gbé e dìde," Màmá ní.

Ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá mi mú lábẹ́ apá, wọ́n gbé mi bí ẹni gbé àpò símẹ́ǹtì, wọ́n fi mí sórí àga kan tó dojú kọ tirẹ̀. Màmá gbá ojú mi mú láàrin ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wò mí pẹ́.

"O ti hewú," ó ní jẹ́jẹ́. "Ìgbà wo lo hewú?"

"Ó ti pẹ́, Màmá."

"Mi ò mọ̀. Ojú ìyàwó kékeré yẹn ni mo ṣì ń rí lọ́kàn mi." Ó fi àtàǹpàkò nu omi ojú mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Na ẹsẹ̀ rẹ."

Ìyàwó ilé kì í na ẹsẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ó burú ju kí ó má kúnlẹ̀ lọ. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi ń wo ògiri tó kùn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kò yẹ bẹ́ẹ̀."

"Mo ní kí o na ẹsẹ̀ rẹ, kí n rí i."

Mo nà án. Ó fà á gorí itan ara rẹ̀, ó ká ìró mi sókè, ó tẹ ojú rẹ̀ kan tó ríran náà ba orúnkún mi, ó sì ń fi ìka rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ yíká díẹ̀díẹ̀.

"Ó mà wú o," ó ní. "Ibo ló ti ń dùn ọ́ jù? Fi hàn mí."

Mo nàka sí i. Mo ní ibí ni, lábẹ́ ibí yìí, pé láàárọ̀ ló máa ń le jù, pé bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yín ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé kò ní gbà mí dúró, pé ẹ̀rù ń bà mí pé mò ń darúgbó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi.